Òkúta Tó Ga Jù Lórí Òkè Akin

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ má sì sún mọ́ mi jù, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí, bí mo bá dé àárín rẹ̀, mo máa ń ju ọwọ́ ni. Ẹni tó bá gbé iṣu ka iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí inú ń bí, kó wá jókòó níwájú, torí tirẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn ẹ̀san ni. Ẹ̀san sì dùn, ó dùn ju oyin lọ, bí kì í bá ṣe ìwọ ni wọ́n ń san án fún.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìdí-Apá. Òkè ńlá kan wà lẹ́bàá ìlú náà, Òkè Akin lorúkọ rẹ̀. Bí ogun bá pa ọmọ Ìdí-Apá sí ọ̀nà jíjìn, wọn kì í fi í sílẹ̀ fún igún kó parẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gé irun orí rẹ̀, wọ́n á rẹ́ èékánná rẹ̀, wọ́n á dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n á gbé e wálé. Orí òkè ni wọ́n ń sin ín sí, wọ́n á ri òkúta kan mọ́ ibẹ̀. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, tọmọdé tàgbà á gun òkè lọ ki òkúta kọ̀ọ̀kan ní oríkì, wọ́n á sì jó fún un. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ tó le bí eegun: ẹni tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ bá wà níwájú ara nìkan ló ń gba òkúta. Ẹni tí ọta bá bá lẹ́yìn, wọ́n á ní ojo ni, wọ́n á ní ó ń sá lọ ni. Kò sí òkúta fún un, kò sí oríkì.

Ogun Odò-Pupa pa ọkànlélógójì ọmọ Ìdí-Apá. Ogójì gba òkúta. Ẹni kan tí kò gbà ni Àlàbá, àbúrò Ọdẹ́rìndé ọdẹ. Ẹ̀yìn ni ọta ti wọ ara rẹ̀. Jagun Gbógunníyì, olórí ogun náà, ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìlú pé, "Mo rí i. Ó ń sá lọ ni." Ta ló máa já Jagun nírọ́? Báyìí ni irun àti èékánná Àlàbá ṣe wà nínú àpò ọdẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọdún méje. Bí Àṣàkẹ́, ìyàwó Àlàbá, bá sì ń lọ sódò, àwọn obìnrin á yà fún un lọ́nà bí ẹni yà fún adẹ́tẹ̀. "Ìyàwó ojo ń bọ̀ o!"

Jagun ní tirẹ̀ padà sílé láìfarapa. Ó jẹun fún ọdún méje, ikùn rẹ̀ yọ. Lọ́jọ́ kan, ó kú lórí ẹní. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní ọta ogun àtijọ́ kan tó há sí i láyà ló yí padà tó pa á. Ta ló máa ṣí àyà Jagun wò? Ìlú gbà á gbọ́. Wọ́n gbé irun Jagun lọ sórí òkè, wọ́n sì ri òkúta kan mọ́ ọn tó ga tó ènìyàn méjì. Lọ́jọ́ náà Ọdẹ́rìndé wo òkúta gíga yẹn, ó wo àpò tó wà ní èjìká rẹ̀. Ó gbé ìbọn, ó wọ igbó. Oṣù mẹ́ta, wọn ò rí i.

Ọjọ́ tó padà dé ni mo fẹ́ sọ. Ìlú ti pé sí ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú iṣu tuntun. Ọmọ́yẹlé, àkọ́bí Jagun, fa àgbò kan lọ́wọ́ tí wọ́n fẹ́ pa síwájú òkúta bàbá rẹ̀. Àfi bí Ọdẹ́rìndé ṣe yọ láti inú igbó, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ẹ̀wù rẹ̀ ti ya jálajàla, ó sì dábùú ọ̀nà.

"Kò sẹ́ni tó máa gun òkè yìí lónìí," ó ní, "àfi bí mo bá sọ ibi tí mo ti ń bọ̀."

Ọmọ́yẹlé ní, "Bàbá Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún wa. Àgbò yìí ń jà mọ́ mi lọ́wọ́."

"So ó mọ́ igi, ọmọ mi. Ìtàn mi ń jà jù ú lọ."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó. Ọmọ́yẹlé náà jókòó, okùn àgbò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn ọdẹ? Ọdẹ́rìndé fi ìdí ìbọn gúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìdí-Apá, iwájú òkè lẹ ń gùn. Òkúta lẹ ń rí, ewéko lẹ ń rí, ẹ ó padà wálé, ẹ ó jẹ iyán. Ẹ̀yìn òkè ni ènìyàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn akin fúnra wọn, ọ̀nà ibẹ̀ sì la igbó iwin kọjá. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi, ta ló yìnbọn lù ú. Mo sì búra pé ẹni yòówù kó jẹ́, bó wà láàyè, bó ti kú, yóò san án."

Igbó tí Ọdẹ́rìndé kọ́kọ́ wọ̀ ni igbó àwọn Aláìlẹ́yìn. Àwọn iwin ibẹ̀, àyà ni níwájú, àyà ni lẹ́yìn. Ojú méjì wà níwájú, ojú méjì wà ní ìpàkọ́. Bí wọ́n bá ń lọ, o ò ní mọ̀ bóyá wọ́n ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Àyàméjì lorúkọ rẹ̀, ó dìde láàárín ìtàkùn, ó ga bí igi àràbà. Ọdẹ́rìndé yìnbọn lù ú, gbàù! Ọta wọ àyà kan, ó gba àyà kejì jáde, iwin náà sín lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ni wọ́n bá gbá ara wọn mú. Wọ́n jìjàkadì títí koríko ibẹ̀ fi di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí bí ọdẹ ṣe lè fi ẹ̀yìn iwin náà balẹ̀, nígbà tí kò ní ẹ̀yìn.

Níbí yìí, Ọdẹ́rìndé wo àwọn tó ń gbọ́ ọ. "Ẹ má wo eegun ọrùn mi tó yọ o. Lọ́jọ́ yẹn, bí ẹ bá fi ọlọ lé apá mi, ẹ lè fi lọ ata."

Ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn, "Irọ́ ọdẹ!"

"Irọ́ ọdẹ sàn ju òótọ́ ìyàwó rẹ lọ," Ọdẹ́rìndé dá a lóhùn, gbogbo ènìyàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó rẹ àwọn méjèèjì, Àyàméjì jókòó, ó ní, "Ọdẹ, mo máa pa àlọ́ fún ọ. Bí o bá já a, kọjá. Bí o kò bá já a, a ó gba ẹ̀yìn rẹ lọ́wọ́ rẹ, wàá sì dà bí wa. Kí ni ohun tí ènìyàn ń gbé kiri láti ọjọ́ ìbí, tí òun fúnra rẹ̀ kò rí i rí, tó ṣòro fún ọ̀tá rẹ̀ láti dé, ṣùgbọ́n tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà oko?"

Ọdẹ́rìndé ronú. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó rántí àbúrò rẹ̀, ó sì ní, "Ẹ̀yìn ni."

Àyàméjì fi ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ó. "O mọ̀ ọ́n, o sì ń wá ẹni tó pa Àlàbá kiri? Bí ọ̀tá bá wà níwájú rẹ̀ lójú ogun, ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún ọdẹ lọ́kàn bí ìgbà tí ẹ̀gún gún ni lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Àwọn ará ilé ni wọ́n wà lẹ́yìn Àlàbá, Jagun ló sì kẹ́yìn gbogbo wọn.

"Máa lọ sí Ìlú Ìró," ni iwin náà wí. "Kò sí ìró tó ń kú. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń wọ̀ sí."

Ìlú Ìró! Ẹ gbà mí, inú mi máa ń dùn bí mo bá dé ibí yìí. Etí àwọn ará ibẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fẹ́ iná. Wọ́n to gbogbo ìró ayé jọ sínú àká bí ẹní to iṣu. Ìró odó wà níbẹ̀. Igbe àkọ́kọ́ tí gbogbo ọmọ ké wà níbẹ̀. Òfófó kún àká mẹ́fà, ó ṣì ń ya dànù. Kódà ìsó tí àwọn ọba rọra só láàárín ìjòyè wà níbẹ̀, wọ́n dì wọ́n sínú ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyá arúgbó kan ló ń ṣọ́ àká, Ìyá Elétí ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Ọdẹ, a kì í wá síbí lọ́wọ́ òfo. Fi ìró kan sílẹ̀ lára rẹ kí n tó fún ọ ní òmíràn."

Ọdẹ́rìndé ní, "Ìyá, ẹ gba bí mo ṣe ń hanrun."

Ìyá Elétí gbà á, ó fi sí etí, ó ní, "Háà! Èyí nìkan máa kún àká kan."

Nígbà tí ìyàwó Ọdẹ́rìndé gbọ́ èyí láàárín èrò, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá Elétí, ẹ ṣé o, ibi yòówù kí ẹ wà!" Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́.

Ọdẹ́rìndé kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó ní Ìyá Elétí wọ àká ogun Odò-Pupa, ó gbé ìró kan jáde, ó fi sí òun létí. Òun gbọ́ ìbọn lókèèrè. Òun gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń sáré. Òun gbọ́ ohùn Àlàbá tó ń pè, "Jagun! Ẹ jáde nínú ihò yìí! Àwọn ọmọ yín ń kú, wọ́n ń béèrè yín!" Ohùn míràn dáhùn láti inú ilẹ̀ pé, "Ó dáa, Àlàbá. Yí padà, máa lọ níwájú. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Lẹ́yìn náà, gbàù!

Ní ìsàlẹ̀ òkè, Àṣàkẹ́ ti fi etí aṣọ rẹ̀ bo ojú.

Ọmọ́yẹlé dìde. "Ọdẹ, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Bàbá mi ni ẹ fẹ́ sọ pé ó sá sínú ihò?"

"N kò tíì sọ nǹkan kan, ọmọ mi. Etí ni mo fi gbọ́. Mo sì gbọ́ ìró kejì, tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwọ náà wà nínú rẹ̀."

"Ìró wo?"

"Fara balẹ̀. A ó jọ gbọ́ ọ lórí òkè."

Ọmọ́yẹlé jókòó. Ṣùgbọ́n kò jókòó bí ẹni tó jókòó tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ìyá Elétí di ìró méjèèjì sínú ìkarahun ìgbín, ó fi òwú dí ẹnu rẹ̀. Ọdẹ́rìndé dé ìdí Òkè Akin láti ẹ̀yìn. Bó bá gùn ún ní ìgbésẹ̀ kan, òkè á ga ní ìgbésẹ̀ méjì. Òkè náà sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọdẹ, ìbínú rẹ ni mo ń jẹ tí mo fi ń ga. Sọ ìbínú kalẹ̀, n ó rẹlẹ̀ fún ọ."

Ọdẹ́rìndé ní, "Òkè, o kò mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún méje ni mo fi sin ìbínú yìí bí ẹní sin ewúrẹ́. Ó ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti bímọ. Máa jẹ ẹ́. Ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ yó." Ló bá gbé orin sẹ́nu:

Òkè ń ga, mo ń gùn o,
Àgunlá, àguntẹ̀tẹ̀.
Bó kan sánmà, n ó gùn o,
Àgunlá, àguntẹ̀tẹ̀.
Ẹni ń gbẹ̀san kì í sùn lọ́nà o,
Àgunlá, àguntẹ̀tẹ̀.

Òkè ga títí orí rẹ̀ fi wọ inú ìkùukùu, kò rí èémí mí mọ́. Ó ní, "Ọdẹ, mo ti yó. Inú ń run mí." Ó sì rẹlẹ̀ wẹ̀lẹ̀. Èmi kò tíì gbọ́ ọ rí pé ìbínú ènìyàn pọ̀ jù fún òkè, ṣùgbọ́n ti Ọdẹ́rìndé pọ̀ jù.

Lórí òkè, àwọn akin ogójì jókòó, oníkálukú lórí òkúta tirẹ̀. Ojú ọgbẹ́ wọn ń pọ́n lójú àyà bí ẹyin iná. Jagun Gbógunníyì jókòó sórí òkúta gíga, nítorí ẹni tí òkúta rẹ̀ bá ga jù ni olórí wọn. Ojú ọgbẹ́ wà láyà tirẹ̀ náà, ó pupa ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ń ròyìn ogun fún wọn, ó ń ju ìrùkẹ̀rẹ̀.

Ó dánu dúró, ó kígbe, "Ojo! Omi dà?"

Ẹnì kan gun etí òkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú akèrègbè lórí. Àlàbá ni. Òun kò ní òkúta, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń jókòó sí, láti ọdún méje ló sì ti ń pọn omi fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí Jagun ti gòkè wá, ọmú ìyá tí Àlàbá mu ti kan lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń fi ẹ̀yìn ti àpáta kí wọ́n má baà rí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọdẹ́rìndé ní, "Ẹ̀yin akin, mo kí yín o."

Jagun ní, "Ta nìyí? Háà, ẹ̀gbọ́n ojo! Kí lo wá ṣe? Ṣé o wá bá a ru omi ni?"

"Mo wá wo ojú ọgbẹ́ rẹ, Jagun. Mo gbọ́ pé ó dára."

"Wò ó dáadáa. Irú rẹ̀ kò sí ní ilé yín."

Ọdẹ́rìndé ní, "Àlàbá, da omi yẹn sí i láyà."

Àlàbá wo ojú Jagun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Dà á, ọmọ ìyá mi. Èmi ni mo ní kí o dà á." Àlàbá da omi. Pupa náà ṣàn wálẹ̀ dé ìdodo, ó ṣàn dé itan, osùn ni! Àyà Jagun ń dán gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ bí àyà ìyàwó tuntun. Kò sí ojú ẹ̀fọn jíjẹ lára rẹ̀, áḿbọ̀sì ọta.

Àwọn akin dìde lórí òkúta wọn. Ọdẹ́rìndé sì yọ òwú lẹ́nu ìkarahun. Wọ́n gbọ́ ohùn Àlàbá. Wọ́n gbọ́ ohùn inú ihò. Wọ́n gbọ́ gbàù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lẹ́yìn náà ni ìró kejì jáde, ìró ọ̀fun tí nǹkan há sí, "hẹ̀ẹ́, kọ̀ọ́, kọ̀ọ́," àti ohùn ọmọkùnrin kan tó ń sunkún pé, "Bàbá, ẹ pọ̀ ọ́! Ẹ pọ eegun ẹja yẹn!"

Ní ìsàlẹ̀ òkè, okùn àgbò bọ́ lọ́wọ́ Ọmọ́yẹlé.

Lórí òkè, akin kan tí ọfà ṣì wà lójú rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Eegun ẹja!" Ni gbogbo wọn bá figbe ta. Wọ́n fa Jagun sọ̀kalẹ̀, wọ́n wọ́ ọ dé etí ọ̀gbun, wọ́n fẹ́ jù ú sísàlẹ̀.

Ọdẹ́rìndé ní, "Rárá o. Bí ẹ bá jù ú, ó máa lọ gbàgbé ohun tó ṣe síbìkan. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín. Òkúta yìí ló fẹ́, ẹ gbé e rù ú."

Ni Jagun bá kúnlẹ̀. "Ọdẹ́rìndé, mo bẹ̀ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù kì í ba ọdẹ ni? Nítorí àwọn ọmọ mi, dárí jì mí."

"Ẹ̀rù bà ọ́, o sá sínú ihò, èyí kò bí mi nínú," Ọdẹ́rìndé dáhùn. "Ṣùgbọ́n wọ́n pe Àṣàkẹ́ ní ìyàwó ojo fún ọdún méje, ò ń gbọ́ ọ, ò ń jẹ ẹja. Ìyá wa kọ ojú sí ògiri títí ó fi kú. Ta ló bẹ èmi?"

Wọ́n hú òkúta gíga náà. Jagun ń sunkún, ó ní, "Ó kéré tán, ẹ fún mi ní òṣùká." Ọdẹ́rìndé ní ó tọ́, a kì í ru ẹrù láìsí òṣùká. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ aṣọ funfun tí irun àti èékánná Àlàbá wà nínú rẹ̀, ó ká a rìbìtì, ó fi lé orí Jagun. Wọ́n gbé òkúta náà lé e. Ẹsẹ̀ Jagun wọlẹ̀ dé orúnkún, ó wọlẹ̀ dé àyà, ó wọlẹ̀ dé imú. Àlàbá sì gun orí òkúta náà, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n rí ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Láràárọ̀," ni Ọdẹ́rìndé parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, "wọ́n á máa bi ara wọn pé, 'Kí ló pa ọ́?' Kálukú á dáhùn. Wọ́n á bi ẹni abẹ́ òkúta náà, yóò sì dáhùn."

Ọmọ́yẹlé ti yọ àdá. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Màá pa yín, ọdẹ! Màá pa yín!"

Ọdẹ́rìndé kò yẹra. "Má pa mí kí o tó gun òkè. Àárọ̀ ṣì ni. Lọ, kí o fi etí lé òkúta bàbá rẹ. Bí mo bá purọ́, ọrùn mi nìyí nígbà tí o bá dé."

Ọmọ́yẹlé gba iwájú òkè gùn, òun nìkan. Gbogbo ìlú ń wò ó títí ó fi kéré bí èèrà. Bí ó ti lọ tán, Ọdẹ́rìndé dá orin sílẹ̀:

Kí ló pa Jagun wa o?

Kò sẹ́ni tó gbè é. Ẹ̀rù ilé Jagun ń bà wọ́n. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Ó tún dá a:

Ṣé ọta ni, àbí ọfà ni?
Kí ló pa Jagun wa o?

Kódà Àṣàkẹ́ kò lè la ẹnu. Oòrùn yí díẹ̀. Wọ́n rí Ọmọ́yẹlé tó ń bọ̀ wálẹ̀. Àdá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Erùpẹ̀ wà ní etí rẹ̀ kan, bí etí ẹni tó fi í lélẹ̀ pẹ́. Wọ́n bi í pé, "Kí lo gbọ́?" Ó rìn kọjá láàárín wọn, ó mú okùn àgbò, ó sì fi lé Àṣàkẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá, ti ọkọ yín ni."

Ọdẹ́rìndé wò ó. Àánú kò ṣe é, n kò ní parọ́ fún yín. Ó gbé ohùn sókè, ó dá orin náà lẹ́ẹ̀kẹta sí ọmọ náà lójú:

Kí ló pa Jagun wa o?

Ọmọ́yẹlé gbé orí sókè. Omi ń dà lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ga, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Eegun ẹja."

Ìgbà náà ni ìlú tó gbè é.

Ibi tí mo gbé ìtàn dé nìyẹn, mo sọ ọ́ kalẹ̀ ná. Ẹ dìde, ẹ bá mi gbè é, ohùn mi nìkan kò tó.